ỌMỌ ILÉ-Ẹ̀KỌ́ ÀTI Ọ̀NÀ JÍJÌN: Ìtàn Ìrìn Àjò sí Ilé-Ẹ̀kọ́ ní Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkókómáíkò



Ẹni tí ó bá dìde ní agogo márùn-ún òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, tí ó sì lọ dúró ní Ìyànà Ìbà tàbí ní ibùdókọ̀ Òkókómáíkò, yóò rí ohun tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ilẹ̀ kì yóì tíì mọ́. Fìtílà àwọn oníbúrẹ́dì yóò ṣì máa jó. Láàárín àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn oníṣòwò tí ń du ọkọ̀, yóò rí àwọn ọmọ kéékèèké nínú aṣọ ilé-ẹ̀kọ́, àpò ìwé ní ẹ̀yìn, agolo oúnjẹ ní ọwọ́. Òmíràn fi orí ti ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀, ó ń tòògbé lórí ìdúró. Festac ni àwọn kan ń lọ, Àpápá ni ti àwọn mìíràn, àwọn mìíràn ń lọ sí Sùúrùlérè tàbí sí Ìsàlẹ̀ Èkó. Bí oòrùn bá sì wọ̀ tán, àwọn ọmọ wọ̀nyí kan náà ni yóò máa sọ̀ kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ ní òkùnkùn.

Ojú wa ti mọ́ ìran yìí tó bẹ́ẹ̀ tí a fi rò pé bí Ọlọ́run ti dá a ni. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Ọlọ́run ni ó dá ọ̀sà sí àárín Èkó àti Àgbádárìgì. Ṣùgbọ́n àwa ènìyàn ni a pinnu ibi tí a ó kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ sí. Nínú ìtàn tí mo fẹ́ sọ, ẹ óò rí i pé ọ̀nà ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ti kúrú nígbà kan rí, ó sì tún ti gùn. Àti pé ní ìgbà gbogbo, àwọn àgbà ni ó gé e kúrú, àwọn àgbà náà ni ó sì fà á gùn.

I. KÍ ILÉ-Ẹ̀KỌ́ ÌWÉ TÓ DÉ

Ilẹ̀ àwọn Àwórì ni ilẹ̀ yìí. Àwọn àgbà ń pa á ní ìtàn pé Ògúnfúnminíre tẹ̀lé àwo tí ń léfòó lórí omi títí ó fi rì ní Ìṣẹ̀rí, àti pé láti inú ọ̀rọ̀ náà, àwo rì, ni orúkọ àwọn ènìyàn náà ti jáde. Àwọn ọmọ wọn tàn ká etí omi àti inú igbó. Ọ̀jọ́ tẹ̀dó sí etí ọ̀sà tí ó gba Èkó lọ sí Àgbádárìgì; Ìbà wà ní ọwọ́ òkè, nínú ilẹ̀ oko. Ẹja pípa, oko ríro àti òwò orí omi ni iṣẹ́ wọn.

Kò sí ẹni tí kò kọ́ ọmọ rẹ̀ ní ìgbà náà. Ọmọ apẹja kọ́ bí a ti ń mú àjẹ̀ àti bí a ti ń di àwọ̀n. Ọmọ àgbẹ̀ kọ́ ìgbà tí a ń gbin àgbàdo àti ìgbà tí a ń wa ẹ̀gẹ́. Ọmọ a sì máa rin ọ̀nà jíjìn, nítorí oko baba lè wà ní ibùsọ̀ méjì tàbí mẹ́ta sí ilé. Ṣùgbọ́n ẹ kíyèsí ohun kan: baba rẹ̀ ni ó ń bá a rìn. Ojú ọ̀nà fúnra rẹ̀ jẹ́ ilé-ẹ̀kọ́. Níbẹ̀ ni a ti ń fi ewé àti egbò han ọmọ, níbẹ̀ ni a ti ń kọ́ ọ bí a ti ń kí àgbà tí a bá pàdé. Òfin Mósè pàápàá ka ìrìn ọ̀nà mọ́ àwọn àkókò tí ó yẹ kí òbí máa fi kọ́ ọmọ.

Nítorí náà, kì í ṣe gígùn ọ̀nà nìkan ni ìyọnu tí a ń sọ. Ohun titun tí ilé-ẹ̀kọ́ ìwé mú wá ni pé ó ya ọ̀nà ọmọ kúrò lára ọ̀nà òbí rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè ti dé tí a kò tíì dáhùn tán: bí ọmọ bá ń lọ sí ibi tí baba rẹ̀ kò lọ, ta ni yóò bá a rìn?

II. ILÉ-Ẹ̀KỌ́ DÉ SÍ ETÍ Ọ̀SÀ

Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1842, Thomas Birch Freeman, ajíhìnrere ìjọ Wesley, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. William de Graft àti aya rẹ̀ wà pẹ̀lú iṣẹ́ náà, àwọn ni wọ́n sì dúró ti ìjọ kékeré náà nígbà tí Freeman tẹ̀ síwájú. Kí ọdún náà tó parí, Henry Townsend ti ẹgbẹ́ C.M.S. dé pẹ̀lú. Ní ọdún 1843 ilé-ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní Àgbádárìgì ní abẹ́ ìjọ Wesley, èyí tí a kà sí àkọ́kọ́ ní orílẹ̀-èdè tí a ń pè ní Nàìjíríà nísinsin yìí. Ní oṣù Kínní ọdún 1845, Townsend, Gollmer àti Samuel Àjàyí Crowther dé láti Sàró, iṣẹ́ C.M.S. sì gbilẹ̀ níbẹ̀, ìjọ àti ilé-ẹ̀kọ́ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn.

Bí a bá wo àwòrán ilẹ̀, a ó rí i pé Ọ̀jọ́ wà ní àárín Àgbádárìgì àti Èkó. Ṣùgbọ́n wíwà ní àárín kì í sọ ìlú di ẹni tí a yà sí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1851 àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yin ìbọn sí Èkó. Nígbà tí ọdún 1852 sì dé, àwọn ajíhìnrere bẹ̀rẹ̀ sí í kó iṣẹ́ wọn láti Àgbádárìgì lọ sí Èkó. Wọ́n gba orí ọ̀sà kọjá. Àwọn ìlú etí omi rí ọkọ̀ wọn bí ó ti ń lọ. Láti ìgbà náà ni ìmọ̀ ìwé ti fi Èkó ṣe ibùjókòó, tí ẹni tí ó wà ní ìwọ̀ oòrùn sì ní láti kọ ojú sí ìlà oòrùn bí ó bá ń wá a. Ìrìn àjò tí àwọn ọmọ Òkókómáíkò ń rìn ní àfẹ̀mọ́jú òní, ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé ní àádọ́rin tí a ti yàn án fún wọn nìyẹn.

III. ILÉ ALÁGBÀTỌ́

Báwo ni àwọn baba wa ní ìgbà náà ṣe ṣẹ́gun ọ̀nà jíjìn? Wọn kò ṣẹ́gun rẹ̀. Wọ́n gba inú rẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n kó ọmọ lọ sí ibi tí ilé-ẹ̀kọ́ wà, wọ́n sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí Thomas Babington Macaulay ṣí C.M.S. Grammar School ní Èkó ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà ọdún 1859, ọmọ mẹ́fà péré ni ó fi bẹ̀rẹ̀, inú ilé-ẹ̀kọ́ náà ni wọ́n sì ń gbé. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ajíhìnrere ti ń gba àwọn ọmọ sínú ilé míṣọ́nnù láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹni tí kò ní owó ilé gbígbé a máa wá ẹbí tàbí ojúlùmọ̀ ní Èkó. A ó di ẹrù ọmọ, a ó gbé e sínú ọkọ̀ ojú omi ní Ọ̀jọ́, a ó sì fà á lé ẹnì kan lọ́wọ́: ẹ̀gbọ́n ìyá, olùkọ́, tàbí aláàbójútó ìjọ. Púpọ̀ nínú àwọn alágbàtọ́ wọ̀nyí ṣe ohun tí ènìyàn rere ń ṣe, orúkọ wọn kò sì parẹ́ nínú ọ̀pọ̀ ilé. Ṣùgbọ́n òtítọ́ korò: àwọn mìíràn sọ ọmọ ọlọ́mọ di ọmọ ọ̀dọ̀. Omi pípọn, igi ṣíṣẹ́ àti ọjà kíkiri ni yóò kọ́kọ́ ṣe kí ó tó di ìwé mú. Ọ̀nà tí kò rìn lójoojúmọ́, ó fi iṣẹ́ san án.

Ní àwọn abúlé, ìjọ ṣe ohun tí agbára rẹ̀ ká. Ilé kan náà ni ó jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó sì jẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ Ajé. Ẹnì kan náà ni ó ń ka Ìwé Mímọ́ fún àgbà tí ó sì ń kọ́ ọmọdé ní A, B, D. Iṣẹ́ ńlá ni èyí, a kò sì gbọdọ̀ gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ kì í sábà kọjá kíláàsì mélòó kan. Ọmọ tí ó bá fẹ́ ka ìwé síwájú ní láti tún fi ẹsẹ̀ rìn dé ìlú mìíràn, tàbí kí ó wọ ọkọ̀, tàbí kí ó padà sí oko. Ọ̀pọ̀ ni ó padà sí oko, tí kì í ṣe nítorí pé orí wọn kò gba ìwé, bí kò ṣe nítorí pé ilé-ẹ̀kọ́ jìnnà. Kò sí ìwé kankan tí a kọ orúkọ wọn sí.

IV. ỌDÚN 1955

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kínní ọdún 1955, ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Olóyè S. O. Awókòyà, tí ó jẹ́ Mínísítà ètò ẹ̀kọ́, ni ó ti gbé ìlànà rẹ̀ kalẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀ ní ọdún 1952. Ó ṣe pàtàkì kí a rántí pé a ti ya ìlú Èkó sọ́tọ̀ fún ìjọba àpapọ̀ ní ọdún 1954, ṣùgbọ́n ẹkùn Àgbádárìgì, tí Ọ̀jọ́ àti Ìbà wà nínú rẹ̀, kù sí Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn. Fún ìgbà àkọ́kọ́, oore kan kan àwọn ará abúlé kí ó tó kan ará Èkó.

Iye àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ẹkùn náà jẹ́ nǹkan bí 457,000 ní ọdún 1954. Ní ọdún 1955 ó di èyí tí ó lé ní 811,000. Níbo ni a rí àyè fún wọn? Àwọn ìlú fi ilẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ènìyàn ru iyanrìn, wọ́n po amọ̀, wọ́n gé pákó. Àwọn ìjọ sì fi ilé àti olùkọ́ wọn ti iṣẹ́ náà lẹ́yìn. Àwọn kan sọ nígbà náà pé àwọn olùkọ́ tí a yára kó jọ kò tíì dáńgájíá, ẹ̀sùn náà kò sì ṣàìní òtítọ́ nínú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí a rí gbà: ilé-ẹ̀kọ́ súnmọ́ ọmọ. Ọmọ ọdún mẹ́fà lè fi ẹsẹ̀ rìn lọ, kí ó sì padà wá jẹ oúnjẹ ní ilé ìyá rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí ìtàn yìí kọ́ wa nìyí. Kì í ṣe ọkọ̀ tí ó yára ni ó gé ọ̀nà ọmọ kúrú ní 1955, bí kò ṣe ilé-ẹ̀kọ́ tí a gbé wá sí ẹ̀bá ilé rẹ̀. Síbẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ gíga kò wà nínú ètò ọ̀fẹ́ náà. Bí ọmọ bá parí ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà jíjìn náà ń dúró dè é ní ẹnu ọ̀nà.

V. Ọ̀NÀ ỌLỌ́DÀ ÀTI ÈRÒ TÍ Ó GBÀ Á WÁ

A dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún ọdún 1967, Ọ̀jọ́ àti Ìbà sì bọ́ sínú rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1970, owó epo rọ̀bì pọ̀ ní ọwọ́ ìjọba, a sì la ọ̀nà ọlọ́dà ńlá láti Èkó lọ sí Àgbádárìgì. Omi tí ó ti jẹ́ òpópó láti ayébáyé di ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé. Iléeṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní ẹ̀bá ọ̀nà náà ní ọdún 1975. Títí di òní ni a ń pe ibùdókọ̀ ibẹ̀ ní Volks. A kọ́ Festac fún àjọ̀dún àṣà àwọn ènìyàn dúdú ti ọdún 1977, a sì ṣí ọgbà ìpàtẹ ọjà àgbáyé ní ọ̀nà kan náà. Lẹ́yìn náà ni ọjà Alábà gbòòrò ní Ọ̀jọ́, tí àwọn oníṣòwò láti gbogbo ilẹ̀ sì wá jókòó tì í.

Ẹ wo bí ọ̀ràn ti yí padà. A la ọ̀nà náà kí ibi jíjìn lè súnmọ́. Ó sì súnmọ́ ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n nítorí pé ó súnmọ́, àwọn ènìyàn tí kò rí ilé ní Èkó, tàbí tí owó ilé Èkó wọ̀ lọ́rùn, bẹ̀rẹ̀ sí í wá gbé ibẹ̀. Okokò di ilé, ilẹ̀ àkùrọ̀ di àdúgbò: Òkókómáíkò, Àjàngbàdì, Ìgbó-Elérin, Ṣíbírí. Òbí ṣí wá sí ìwọ̀ oòrùn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ kù sí ìlà oòrùn, ilé-ẹ̀kọ́ tí ó sì gbẹ́kẹ̀ lé kù síbẹ̀ pẹ̀lú. A kọ́ ilé gbígbé kíákíá. A kò kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ní ìwọ̀n kan náà. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1976 ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ fún gbogbo orílẹ̀-èdè, èrò ọmọ sì tún pọ̀ sí i ju àyè lọ.

VI. ÀWỌN ỌMỌ ÀÁRỌ̀ ÀTI ÀWỌN ỌMỌ Ọ̀SÁN

Ohun tí a ṣe ní Ìpínlẹ̀ Èkó nígbà tí àyè kò tó ni pé a pín ọjọ́ sí méjì. Àwọn kan ń wá ní òwúrọ̀, àwọn mìíràn ń wá ní ọ̀sán, ní orí àga kan náà. Ọmọ àárọ̀ ń sáré kí ó má baà pẹ́. Ọmọ ọ̀sán ń padà sí ilé ní àṣálẹ́. Ọmọ ọ̀sán ti ṣeré tàbí kí ó ti kiri ọjà kí ó tó dé kíláàsì. Oorun ń kùn ún nígbà tí olùkọ́, tí ó ti rẹ̀ òun náà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 1979, Alhaji Lateef Káyọ̀dé Jákàńdè di gómìnà. Ó pinnu láti fi òpin sí ètò àárọ̀ àti ọ̀sán. Ó kọ́ kíláàsì púpọ̀ ní àkókò kúkúrú, ó sì dá ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ gíga sílẹ̀ káàkiri ìpínlẹ̀, ní ọ̀fẹ́. Àwọn ilé náà kò ní ẹwà. Àwọn kan fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà, wọ́n ní ilé adìyẹ ni wọ́n jọ. Bóyá wọ́n jọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó wà nínú ilé tí ó jọ ilé adìyẹ ní ẹ̀bá ilé rẹ̀ sàn ju ọmọ tí ó wà ní ojú títì ní òru nítorí ilé tí ó lẹ́wà.

Àwa ará ìjọ ní ohun kan láti rántí nípa àkókò yìí. Ní ọdún 1980 ìjọba kan náà fẹ́ pa gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ aládàáni rẹ́. Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Anthony Olúbùnmi Okogie ti ìjọ Kátólíìkì àti àwọn mìíràn gbé ọ̀ràn náà lọ sí ilé ẹjọ́, àwọn adájọ́ sì fi hàn ní ọdún 1981 pé òfin ilẹ̀ fi àyè gba ẹlòmíràn yàtọ̀ sí ìjọba láti dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Mo gbà pé ìjọ ṣe ohun tí ó tọ́ láti gbèjà ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ tí a gbà kò tó. Ohun tí a fi ẹ̀tọ́ ṣe ni a ó bi wá. Bí ìjọ bá gba ẹ̀tọ́ láti ní ilé-ẹ̀kọ́, tí ó sì wá fi owó ilé-ẹ̀kọ́ náà ga kọjá ọwọ́ àwọn tí ń gbé ẹ̀bá rẹ̀, kò ṣe ju pé ó tún kọ́ ilé sí ibi jíjìn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ògiri kan ni ó wà láàárín wọn.

Ní ọdún 1983, kí ìjọba náà tó kúrò, a dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní Ọ̀jọ́. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti 1852, ìmọ̀ ìwé kọ ojú sí ìwọ̀ oòrùn. Ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún a kò kọ́ ilé gbígbé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀. Wọ́n ń ti Agége, Ìkòròdú àti Múṣin wá, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ ní Ìyànà Ìbà, ní wákàtí kan náà tí àwọn ọmọ Ìbà ń wọ ọkọ̀ jáde. Àwọn èrò méjì ń pàdé, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lọ sí ibi tí èkejì ti ń bọ̀.

VII. Ọ̀NÀ GBÒÒRÒ, ÀKÓKÒ KÒ GBÒÒRÒ

Ọ̀nà Àgbádárìgì kò gba èrò rẹ̀ mọ́. Ní ìgbà ìṣàkóso Gómìnà Babátúndé Raji Fashola, láti 2007 sí 2015, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti sọ ọ́ di onílà mẹ́wàá, pẹ̀lú ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin ní àárín rẹ̀, tí yóò gùn ní kìlómítà 27 láti Òkókómáíkò dé Marina. Iṣẹ́ náà pẹ́ ju bí a ti rò. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀nà tí a ń tún ṣe burú ju èyí tí a kò tún ṣe lọ. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kínní ọdún 2023 Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí apá kìíní ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin náà. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò. Kìlómítà 13 ni, láti Marina dé Mile 2. Òkókómáíkò, tí orúkọ rẹ̀ wà ní orí ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀, kù sí apá kejì. Ní àárín ọdún kan náà, ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún, a kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin. Owó ọkọ̀ fò sókè, ó sì di ọ̀ràn nínú ilé tí ó ní ọmọ mẹ́ta ní ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́ta.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò. Ká ní ọmọ kan ń lo wákàtí méjì ní àlọ àti wákàtí méjì ní àbọ̀. Wákàtí mẹ́rin ní ọjọ́ kan ni. 20 ní ọ̀sẹ̀. Bí ọdún ilé-ẹ̀kọ́ bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ 39, ó jẹ́ wákàtí 780. Ní ọdún mẹ́fà ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ó jẹ́ 4,680, èyí tí í ṣe ọ̀sán àti òru 195 láìdúró. Bí ó bá sì ń lo wákàtí mẹ́fà ní kíláàsì ní ojoojúmọ́, a jẹ́ pé ìdá méjì nínú mẹ́ta àkókò tí ó fi ń kẹ́kọ̀ọ́ ni ó tún ń fi jókòó nínú ọkọ̀.

Níbo ni ó ti ń yọ wákàtí wọ̀nyí? Nínú oorun rẹ̀ ni. Àwọn oníṣègùn tí ń ṣe ìwádìí oorun ní Amẹ́ríkà kéde ní ọdún 2016 pé ó yẹ kí ọmọ ọdún mẹ́fà sí méjìlá máa sùn fún wákàtí mẹ́sàn-án sí méjìlá, kí ọmọ ọdún 13 sí 18 sì máa sùn fún mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí a jí ní agogo mẹ́rin ààbọ̀ ní láti ti sùn ní agogo méje ààbọ̀ alẹ́ kí ó tó rí èyí tí ó kéré jù nínú rẹ̀ gbà. Ṣùgbọ́n ní agogo méje ààbọ̀ alẹ́, ó ṣì wà nínú ọkọ̀, tàbí kí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, kò tíì jẹun, kò sì tíì ṣe iṣẹ́ àmúrelé. Nígbà tí olùkọ́ bá sì kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé ọmọ yìí kì í fi ọkàn sí ẹ̀kọ́, a ó mú pàṣán.

Èmi kò dá àwọn òbí lẹ́bi. Ìyá tí ń ta ọjà ní Ìdúmọ̀tà fẹ́ kí ọmọ òun wà nítòsí òun ní ọ̀sán, nítorí bí ilé-ẹ̀kọ́ bá tú ní agogo méjì, ta ni yóò dúró dè é ní Òkókómáíkò? Baba mìíràn ti wo ilé-ẹ̀kọ́ tí ó wà ní àdúgbò, ó rí i pé ọgọ́rin ọmọ ni ó wà nínú kíláàsì kan, ó sì pinnu pé ọ̀nà jíjìn sàn ju ẹ̀kọ́ tí kò dára. Ìfẹ́ ni ó ń jí ọmọ ní òru. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ náà ń san owó gọbọi, láti inú àpò ọmọ ni ó sì ti ń san án.

VIII. OHUN TÍ ÀWỌN Ẹ̀LÒMÍRÀN ṢE

Ọ̀ràn yìí kì í ṣe ti àwa nìkan. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ètò ẹ̀kọ́ ti ọdún 1944 fi ààlà sí ibi tí a lè retí kí ọmọ fi ẹsẹ̀ rìn dé: ibùsọ̀ méjì fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́jọ, ibùsọ̀ mẹ́ta fún èyí tí ó dàgbà jù bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀nà bá gùn ju ìyẹn lọ tí ìjọba kò sì pèsè ọkọ̀, a kò lè dá òbí lẹ́bi bí ọmọ kò bá lọ. Ní Amẹ́ríkà, ní oṣù Kẹrin ọdún 1939, Frank Cyr, olùkọ́ni ní Yunifásítì Columbia, pe àwọn ènìyàn jọ láti fẹnu kò lórí bí ọkọ̀ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ yóò ti rí, kí ó má baà wu ọmọ léwu. Ibẹ̀ ni a ti yan àwọ̀ òféèfèé tí a fi ń mọ ọkọ̀ náà láti òkèèrè, kódà ní ìdájí.

Kì í ṣe ọrọ̀ wọn ni mo ń tọ́ka sí, nítorí ọdún 1944 jẹ́ ọdún ogun, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò sì ní owó tí yóò nù dànù. Ohun tí mo ń tọ́ka sí ni pé àwọn àgbà jókòó, wọ́n wọn ọ̀nà, wọ́n sì sọ pé: ibi báyìí ni ẹsẹ̀ ọmọdé mọ; láti ibí lọ, ọ̀ràn àgbà ni. Àwa kò tíì fa irú ìlà bẹ́ẹ̀. Àgbà kì í wà ní ọjà kí orí ọmọ titun wọ́; bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí ó wà ní ibùdókọ̀ kí ó máa wò ó.

IX. IṢẸ́ TI ÌJỌ

Kí ni ìjọ lè ṣe? Kò lè la ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin, kò sì lè dín owó epo kù. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Àgbádárìgì ní 1843 kò ní ohun púpọ̀ lọ́wọ́.

Ní àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí a kà wọ́n. Kí ìgbìmọ̀ ìjọ kọ̀ọ̀kan ní Ọ̀jọ́, ní Ìbà àti ní Òkókómáíkò mọ iye ọmọ inú ìjọ rẹ̀ tí ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, ibi tí wọ́n ń lọ, àti ẹni tí ń bá wọn rìn. A ń ka iye owó ìgbà ọrẹ ní ọjọ́ Ìsinmi gbogbo. Kò yẹ kí a ṣàìmọ iye ọmọ.

Ní èkejì, gbọ̀ngàn ìjọ ṣófo láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì. Bí ìyá ọlọ́jà bá mọ̀ pé ilé kan wà tí ọmọ òun lè jókòó sí láti agogo méjì títí di agogo méje, pẹ̀lú àgbà tí ń ṣọ́ ọ tí ó sì ń bá a wo iṣẹ́ àmúrelé, kì yóò sí ìdí tí yóò fi gbé e lọ sí Ìdúmọ̀tà. Àwọn olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìntì wà láàárín wa. Wọn kò tíì gbàgbé iṣẹ́ wọn.

Ní ẹ̀kẹta, àwọn tí ó bá ní láti lọ sí ibi jíjìn, kí wọ́n má ṣe dá lọ. Kí àwọn òbí tí ọmọ wọn ń gba ọ̀nà kan náà mọ ara wọn, kí wọ́n sì yan àgbà tí yóò máa bá wọn lọ ní pípín ọjọ́. Fún àwọn tí ń ti erékùṣù wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí Ọ̀jọ́, kí ìjọ rí i pé kò sí ọmọ tí ó gun ọkọ̀ láìwọ aṣọ agbanilà.

Ní ẹ̀kẹrin, èyí tí ó nira jù lọ: kí a tún ilé-ẹ̀kọ́ tí ó wà nítòsí ṣe. Bí gbogbo òbí tí ó ní làákàyè bá kó ọmọ rẹ̀ kúrò níbẹ̀, ta ni yóò kù tí yóò bèèrè àga, ìwé àti olùkọ́ lọ́wọ́ ìjọba? Ọ̀nà jíjìn ń jẹ ọmọ tí ó ń rìn ín. Ó sì tún ń jẹ ọmọ tí a fi sílẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ tí a sá fún.

Ẹ̀yin ará, ìtàn kan wà tí gbogbo wa mọ̀ nípa Olúwa wa nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá. Àwọn òbí rẹ̀ rin ìrìn ọjọ́ kan láti Jerúsálẹ́mù kí wọ́n tó mọ̀ pé kò sí láàárín èrò. Wọn kì í ṣe òbí búburú. Wọ́n rò pé ó wà pẹ̀lú àwọn ará àjò ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n mọ̀, wọ́n yí padà, wọ́n sì wá a títí wọ́n fi rí i. Èmi rò pé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀ràn wa rí ní ọ̀nà Àgbádárìgì. Láti ìgbà pípẹ́ ni a ti ń rìn lọ, tí olúkúlùkù sì ń rò pé ọmọ náà wà lọ́dọ̀ ẹlòmíràn: òbí rò pé ó wà lọ́dọ̀ olùkọ́, olùkọ́ rò pé ó wà lọ́dọ̀ òbí, ìjọba rò pé ó wà lọ́dọ̀ ìjọ, ìjọ sì rò pé ó wà lọ́dọ̀ ìjọba. Ọmọ náà wà ní Ìyànà Ìbà, ó ń dúró de ọkọ̀, ilẹ̀ kò sì tíì mọ́.

Kí Olúwa fún wa ní ọgbọ́n láti yí padà.